Bẹ́rí Ṣójà, Bẹ́rí Ògún: Ohun tí Ìjà Ọ̀rẹ̀ Fi Kọ́ Wa

Àbọrú, àbọyè o, ẹ̀yin ọmọ awo. Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ, ẹ̀yin awakọ̀ àti gbogbo ẹni tó ń fi irin jẹun, mo kí yín tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kì í bọ òrìṣà ṣùgbọ́n tí ẹ fẹ́ràn àṣà wa, mo kí ẹ̀yin náà. Ìkíni ni mo fi ṣíde nítorí ọ̀rọ̀ ìkíni gan-an ni mo gbé wá lónìí: ìkíni ẹni tó gbé irin lọ́wọ́, àti ìjánu tó yẹ kó wà lẹ́nu irin náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́nu wa tí a fi ń júwe ohunkóhun tó bá le kọjá ààlà: "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀." Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà ogun náà ń sọ ọ́. Ẹni tó jókòó ṣe ìdánwò tó le ń sọ ọ́. Ọ̀rẹ̀ tí à ń wí ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí ọ̀nà Èkó, ọ̀nà Bìní, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa ti pàdé. Lónìí, oúnjẹ ni ọ̀pọ̀ èrò ọkọ̀ fi mọ ìlú náà, nítorí ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ti máa ń dúró kí èrò lè fi nǹkan panu. Ṣùgbọ́n ní oṣù Ògún ọdún 1967, ìró ìbọn ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

Ohun tó mú mi padà sórí ọ̀rọ̀ náà ni ìbéèrè bàbá kan ní Òdìgbó. Àgbẹ̀ kòkó ni, Ògún ló ń bọ, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì ti tẹfá láti kékeré. Ọmọ náà fẹ́ wọṣẹ́ ṣójà. Bàbá wá bi mí pé, "Bàbá Awo, wọ́n ní bí ó bá dé ọ̀hún, ẹni tí kò tó àbúrò rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, á sì máa bẹ́rí fún un láàárọ̀ lálẹ́. Awo ni ọmọ mi o. Ṣé orí rẹ̀ kò ní í bínú?"

Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí bàbá náà lò. Bí ṣójà bá gbé ọwọ́ ọ̀tún sẹ́bàá ojú láti kí ọ̀gá rẹ̀, a ó ní ó bẹ́rí. Bí idà bá ké orí kúrò lọ́rùn, a ó ní ó bẹ́rí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni etí wa ń gbọ́ fún iṣẹ́ méjèèjì. Èmi kò mọ̀ ọ́n sí eré ẹnu lásán. Ẹni tó gbé irin, ọ̀nà méjì náà ló wà níwájú rẹ̀ nígbàkígbà tó bá pàdé ènìyàn: kí ó kí i, tàbí kí ó ké e.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá bàbá lóhùn lórí ọ̀nà àkọ́kọ́. Nínú iṣẹ́ ológun, ẹni tí ipò rẹ̀ kéré ló ń kọ́kọ́ bẹ́rí, dandan sì ni kí ọ̀gá dá a padà fún un. Bí ṣójà kò bá dé fìlà, kì í gbé ọwọ́ sójú. Yóò dúró ṣánṣán. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń lò, àtẹ́lẹwọ́ a sì là sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni kò mọ èyí? Àwa náà kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà. Àwa náà gbà pé ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà, àgbà tí kò bá sì dáhùn ti fi àbùkù kan ara rẹ̀.

Ní ti pé ọ̀gá lè kéré lọ́jọ́ orí, kí ni a ń ṣe láàrin awo? A kì í wo irùngbọ̀n. Ọjọ́ ìtẹfá là ń kà. Bí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún bá tẹfá lánàá, tí ọmọ ọdún méjìlá ti tẹfá lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú awo, yóò sì foríbalẹ̀ fún un níbi tí awo bá pé sí. Bákan náà ni ti ọba. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá gorí ìtẹ́, àwọn tó gbé e pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ á dọ̀bálẹ̀ fún un. Adé ni wọ́n ń kí. Bẹ́ẹ̀ ni ti ṣójà: oyè tí ìjọba fi sí èjìká ọ̀gá ni ó ń bẹ́rí fún, ó lè má fẹ́ràn ẹni tó wọ aṣọ náà rárá. Nítorí náà mo ní, "Bàbá, orí ọmọ yín kò ní í bínú. Inú ilé awo ló ti kọ́kọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ṣójà."

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀mí àwọn ènìyàn wà.

Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn Ògún ní ìlú Irè, ní ilẹ̀ Èkìtì. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, ojú ogun ni Ògún ti ń bọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó wọ ìlú, ó bá àwọn ènìyàn níjòókòó pẹ̀lú agbè ẹmu níwájú wọn. Ó kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbé agbè wò, òfìfo ni. Ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó yọ idà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́ wọn lórí. Kò mọ̀ pé ọjọ́ ìpàdé mímọ́ ni, ọjọ́ tí òfin ìlú kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ìgbà tí ojú rẹ̀ là ni wọ́n tó ṣàlàyé fún un. Ògún kábàámọ̀, ó ti idà bọlẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a bá ń sọ ìtàn yìí, agbára Ògún là ń tẹnu mọ́. Èmi ń wo ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀tá ló pa àwọn ará Irè. Ìkíni tí wọn kò dáhùn ló pa wọ́n. Ológun tó lágbára jù láyé gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sí àfojúdi, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó ṣe ohun tí kò ṣeé tún ṣe. Bí a bá ń bọ Ògún tí a kò rántí pé òun gan-an kábàámọ̀, ìdajì Ògún là ń bọ.

Ìtàn ilẹ̀ wa náà kò ṣàìní irú ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn baba wa mọ ètò ogun: Balógun láàrin, Ọ̀tún lápá ọ̀tún, Òsì lápá òsì, oníkálukú mọ ẹni tó ń gbọ́ àṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo Afọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Ìlọrin. Ó ṣọ̀tẹ̀ sí Aláàfin Aólẹ̀ tó rán an lógun. Lẹ́yìn náà ó kó àwọn jàmáà jọ láti fi gbé ara rẹ̀ ró. Àwọn jagunjagun wọ̀nyí ń fi ìyà jẹ ará ìlú, wọ́n ń kó wọn lẹ́rù. Nígbà tí Afọ̀njá fi máa ronú àtikó wọn níjàánu, ọwọ́ wọn ti le ju tirẹ̀ lọ. Àwọn náà ló pa á, Ọ̀yọ́ ilé kò sì pẹ́ tú lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá tí kò bá gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń wò ó. Ohun tó fi kọ́ wọn ni wọ́n máa fi san án fún un.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sí Ọ̀rẹ̀. Oṣù Agẹmọ 1967 ni ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Ògún, àwọn ọmọ ogun Biafra sọdá afárá Odò Ọya sí agbègbè Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà náà, wọ́n sì gba Bìní lọ́jọ́ náà gan-an. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n fi ṣolórí ogun náà. Láti Bìní ni wọ́n ti forí lé ìwọ̀-oòrùn, ó sì di Ọ̀rẹ̀, níbi tí kò ju nǹkan bí igba kìlómítà lọ sí Èkó. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ ti kojú wọn. Ìjà náà gbóná débi pé orúkọ ìlú náà di òwe. Biafra kò kọjá ibẹ̀. Àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ tì wọ́n padà, nígbà tó sì di ọjọ́ 20 oṣù Ọwẹ́wẹ̀, wọ́n ti gba Bìní padà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, ní Enugu, ìjọba Biafra fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Banjo àti àwọn mẹ́ta mìíràn, wọ́n sì yìnbọn pa wọ́n.

Wole Soyinka, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ẹni tó fẹ́ràn Ògún, lọ bá Banjo sọ̀rọ̀ ní Bìní lóṣù Ògún yẹn, kí ogun má bàa gbilẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ mú un, ó sì wà látìmọ́lé títí di 1969. Ọdún 1967 yìí kan náà ni ìwé ewì rẹ̀ tó pè ní "Idanre" jáde, orúkọ òkè tó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí. Ògún tó pa àwọn ènìyàn ara rẹ̀ wà nínú ewì náà. Ó ti kọ ọ́ kí ìbọn tó dún ní Ọ̀rẹ̀. Ìtàn Irè kì í gbó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé, kí ìjà Ọ̀rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀, òfin ti wà nílẹ̀ fún àwọn tó jà á. Ní oṣù Agẹmọ tí ogun bẹ̀rẹ̀, Ọ̀gágun Yakubu Gowon, olórí ìjọba àpapọ̀, gbé ìlànà ìwà jáde fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀. Ìlànà náà ní wọn kò gbọdọ̀ fìyà jẹ aláboyún tàbí kí wọ́n pa á. Wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọdé. Ṣójà ọ̀tá tó bá túúbá, wọ́n máa gba ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n máa tọ́jú rẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ pa á. Ilé ìwòsàn àti àwọn aláìsàn tó wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu. Wọn kò gbọdọ̀ kó ẹrù ẹlẹ́rù, wọn kò sì gbọdọ̀ fipá bá obìnrin lò. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí ni wọ́n dárúkọ pé wọn kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Àwa oníṣẹ̀ṣe á fi ojúbọ àti igbó ìmọ̀lẹ̀ tiwa kún un.

Nígbà tí mo ka ìlànà yìí, Odù Ìkà Òfún ló wá sí mi lọ́kàn, níbi tí Ifá ti ka èèwọ̀ mẹ́rìndínlógún fún àwọn àgbà tó ń lọ sí Ifẹ̀. Ọ̀kan nínú èèwọ̀ náà kan afọ́jú àti ọ̀pá tó fi ń rìn. Afọ́jú kò lè bá ọ lé e, kò lè rí ojú rẹ kó fi ọ́ sùn. Ìdí nìyẹn tí Ifá fi ní kí o má fọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀. Ẹni tó túúbá rí bẹ́ẹ̀. Aláboyún rí bẹ́ẹ̀. Ìjánu kò nítumọ̀ níwájú ẹni tó lè lù ọ́ padà. Níwájú ẹni tí kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan ni a ti ń mọ̀ bóyá o ní in.

Ṣùgbọ́n ìwé ò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mú. Ẹ̀ka kejì àwọn ọmọ ogun àpapọ̀, tí Murtala Muhammed ń darí, ló tẹ̀síwájú láti Bìní dé Asaba létí Odò Ọya. Ní ọjọ́ 7 oṣù Ọ̀wàrà 1967, àwọn ará Asaba jáde láti kí àwọn ṣójà náà. Wọ́n wọ aṣọ funfun ìbílẹ̀ wọn, wọ́n ń jó, wọ́n ń kọrin pé Nàìjíríà kan ṣoṣo ni àwọn fẹ́. Àwọn ṣójà ya àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n sì yìnbọn fún wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló kú nílùú náà lọ́jọ́ mélòó kan. Ní 2002, Gowon lọ sí Asaba, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ẹ fi èyí wé Irè. Ní Irè, ológun kí ará ìlú, ará ìlú dákẹ́, ológun yọ idà. Ní Asaba, ará ìlú ló kí ológun, pẹ̀lú orin àti ijó, ológun ni kò dáhùn. Ògún ní àwíjàre: kò mọ̀. Àwọn ti Asaba gbọ́ orin náà ketekete. Mo mọ̀ pé inú wa máa ń dùn bí a bá ń sọ bí wọ́n ṣe dá ogun dúró ní Ọ̀rẹ̀, ó sì tọ́ kí a bọlá fún àwọn tó kú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gba Ọ̀rẹ̀ kọjá kò tán sí Bìní. Ẹni tó bá ń pa òwe ìjà Ọ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀nà náà gbé wọn dé.

Ẹnìkan lè ní, "Bàbá Awo, àṣẹ ni ṣójà ń tẹ̀lé. Bí ọ̀gá bá ní kó yìnbọn, kí ló fẹ́ ṣe?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àìgbọràn nínú iṣẹ́ ológun, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni. Òfin àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1993, ní ìjìyà fún ẹni tó bá ṣọ̀tẹ̀, fún ẹni tó bá na ọ̀gá rẹ̀, àti fún ẹni tó bá kọ àṣẹ. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó bófin mu ni òfin ń wí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, nígbà ìgbẹ́jọ́ Nuremberg ní 1945 sí 1946, àwọn ọ̀gá ogun Jámánì ní àṣẹ ni àwọn tẹ̀lé. Àwọn adájọ́ kò gbà pé ìyẹn tó láti dá wọn láre. Ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún 1949, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Geneva lórí bí a ṣe ń ṣe sí ẹni tí wọ́n mú lójú ogun, sí ẹni tó gbọgbẹ́, àti sí ará ìlú tí kò gbé ìbọn. Ẹ tún wo oṣù tó bọ́ sí. Nàìjíríà sì ti wà nínú àdéhùn náà kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni níyà nígbà ogun náà. Ní 1968, ọ̀gá ológun kan nínú àwọn ọmọ ogun àpapọ̀ yìnbọn pa ọmọ Biafra kan tí wọ́n ti mú, níwájú kámẹ́rà àwọn oníròyìn òkèèrè. Ilé ẹjọ́ ológun dá a lẹ́bi, wọ́n sì yìnbọn pa òun náà ní gbangba. Ẹ ó rí i pé nígbà tí ọ̀gá bá fẹ́, òfin lè múlẹ̀. Ìbéèrè tó kù ni pé, àwọn tí kámẹ́rà kò sí níwájú wọn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ògún ti wọlé. Ògún kò nílò kámẹ́rà. Ìdí rèé tí àwọn àgbà fi ń gbé irin sẹ́nu búra, tí ilé ẹjọ́ ìjọba pàápàá fi ń gbà kí oníṣẹ̀ṣe fi irin búra. Ẹni tó bá gbà pé irin ń gbọ́, tó sì ń fi irin kan náà fìyà jẹ aláìlágbára, ó ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ pe ẹjọ́.

Ìtàn Irè ní apá kejì tí a kì í sábà sọ. Kí Ògún tó wọlẹ̀, ó fi ọ̀rọ̀ kan lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́ pé bí ogun bá dé, kí wọ́n fi pe òun. Lọ́jọ́ kan, ẹnìkan pè é nígbà tí kò sí ogun. Ògún jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké ẹni tó bá rí, nítorí ó gbà pé ọ̀tá ni wọ́n. Nígbà tó rí i pé àwọn tirẹ̀ ni, ó bínú, ó ní òun kò ní í jáde mọ́.

Apá yìí, àwa ará ìlú ni ó ń bá wí. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jẹ aládùúgbò rẹ̀ ní gbèsè ò fẹ́ san, ni aládùúgbò bá ní, "Má ṣèyọnu, mo ní ṣójà nílé." Wọ́n ń jà sí ààlà oko, ẹnìkan á lọ pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní báráàkì. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà á wọ aṣọ ìjọba wá, á mú bẹ́líìtì jáde, á na ẹni tí kò bá a jà. Òfin tó ń darí ẹjọ́ ọ̀daràn, ti ọdún 2015, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí gbèsè tàbí àdéhùn tó yẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló wà fún un. Ẹni tó pe ṣójà sí ọ̀rọ̀ ààlà oko ti pe Ògún síta lọ́jọ́ tí kò sí ogun. Kó má wá bínú bí idà náà bá yà sọ́dọ̀ tirẹ̀ lọ́la.

Mo ti fi ojú mi rí bí ìkíni ṣe ń gba ẹ̀mí là. Ní ojú ọ̀nà kan tí n kò ní í dárúkọ, àwọn ṣójà dá ọkọ̀ wa dúró. Bàbá arúgbó kan jókòó lẹ́yìn awakọ̀, etí rẹ̀ ti di. Ṣójà kékeré kan bi í ní ọ̀rọ̀, bàbá kò dáhùn. Ó tún bi í, bàbá ń wo iwájú. Ọmọ náà gbá fìlà bàbá sọlẹ̀, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ọkọ̀ pa lọ́lọ́. Ọ̀gá wọn, tó jókòó lábẹ́ igi, rìn wá. Ó wo ojú bàbá, ó tẹ́ńbẹ́lú, ó gbé fìlà náà, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, ó sì fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún un pé ẹ má bínú. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ọmọ náà, kò pariwo, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sọ. Ọmọ náà dúró ṣánṣán, ó bẹ́rí fún un, ó sì wá bẹ bàbá. Ẹ wò ó: ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà tó pa ará Irè ló wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹnìkan bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí bàbá fi dákẹ́.

Nítorí náà, kí ni kí àwa tí a ń bọ Ògún ṣe? Àwọn ọmọ wa ń wọṣẹ́ ṣójà, wọ́n ń wọ ọlọ́pàá. Láti 2020 tí ìkọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ tó mọ igbó bí ẹní mọwó ló ti wọ ibẹ̀, títí kan àwọn tó ń ṣọ́ igbó àti ọ̀nà agbègbè Ọ̀rẹ̀ àti Òdìgbó. A máa ń bọ Ògún fún wọn kí wọ́n tó lọ. A ń pa ajá, a ń ta ẹmu sílẹ̀, a ń ní kí ìbọn má bà wọ́n. Ó dára. Ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe ìwúre pé kí ìbọn wọn má ba aláìṣẹ̀? Bí mo bá ń bọ Ògún fún ọmọ tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, mo máa ń sọ ìtàn Irè fún un ní kíkún, pẹ̀lú apá ìkábàámọ̀. Mo máa ń ní kó fọwọ́ kan irin kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun kò ní í pa ẹni tó ti túúbá, òun kò ní í fọwọ́ kan obìnrin tí kò gbà, òun kò sì ní í wọ aṣọ ìjọba lọ jà ìjà ilé. Bí kò bá lè sọ ọ́ níwájú irin, kó má gbé irin.

Ẹ kọ́ wọn náà pé kí wọ́n máa dá ìkíni padà. Ọ̀gá tí kò bá ń dá bẹ́rí padà fún ọmọ ẹ̀yìn, àti ṣójà tí kò bá ń dáhùn bí ìyá oníbọ̀ọ̀lì bá kí i lójú ọ̀nà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn. Ifá ní sùúrù ni baba ìwà. Ṣójà tó ní ìwà kì í ṣe ojo. Ògún kò sọ agbára rẹ̀ nù nígbà tó ti idà bọlẹ̀ ní Irè. Ọwọ́ kan náà tó yọ ọ́ ló tì í bọlẹ̀, ti ìkẹyìn yìí ló sì le jù fún un.

Bàbá mi ní Òdìgbó, ọmọ yín lè lọ. Kó bẹ́rí fún ọ̀gá rẹ̀, kó gbọ́ràn sí àṣẹ tó bófin mu, kó sì mọ̀ pé a kò rán an lọ bẹ́ orí ẹni tó ń kí i. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ògún tí ẹ wà lójú ọ̀nà, nínú igbó àti ní ààlà ilẹ̀ wa, ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire. Irin kò ní í ṣì yín lò, ẹ̀yin náà kò ní í ṣi irin lò. Àwọn tó sùn ní Ọ̀rẹ̀ àti àwọn tó sùn ní Asaba, kí ilẹ̀ tù wọ́n lára.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.